Ta Ló Ni Igi Iwájú Ilé Wa?

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú ìdúró nínú oòrùn níbi tí ẹ ti ń dúró de mọ́tò. Báwo ni ọkọ rẹ? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọlẹ̀? A kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹsẹ̀ tí o fi ń jáde nílé láàárọ̀ ni wàá fi máa wọlé, ọ̀gá rẹ lẹ́nu iṣẹ́ kò ní rí ọ kó mójú kúrò. Àmín. Tó bá jẹ́ ọ́fíìsì lo ti gba lẹ́tà yìí, dákun, fi sínú báàgì títí wàá fi délé, torí ó gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì ti lọ́ mọ́ra wọn lójú èmi tí mo ń kọ ọ́, n kò mọ bí yóò ṣe rí lójú ìwọ tí o kò sí níbẹ̀.

Àlàáfíà la wà. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ mi já, mo fi okùn so ó, ó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n ó ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyàwó káfíńtà tó wà ní òdìkejì títì ti bímọ, obìnrin ni, imú káfíńtà ló gbé wáyé, a sì ń bẹ Ọlọ́run kí ìyókù jọ ìyá rẹ̀. Adìyẹ funfun tí o ní kí n máa tọ́jú fún ọ ṣàìsàn, nígbà tí mo rí i pé kò ní yè é, mo pa á, mo sì jẹ ẹ́. Má bínú. Mo rántí rẹ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí n kò sọ fún ọ, torí mo mọ̀ ọ́, wàá gbé ìbínú wọ mọ́tò, wàá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti papòdà ni àwọn ọkọ mi ti ń wá ṣe ìpàdé ní pálọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ dírẹ́bà, àti àbúrò bàbá rẹ tí gbogbo ayé ń pè ní Kọntirákítọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìpàdé náà dá lé lórí: ta ló ni ilé? Ẹ̀gbọ́n ní òun ni àgbà, bàbá àwọn ló fi ilẹ̀ sílẹ̀, àgbà ló sì ń jogún. Kọntirákítọ̀ ní ilẹ̀ lásán kì í gba òjò dúró, òun lòun kan páànù. Kò sẹ́ni tó dárúkọ bàbá rẹ tó mọ ògiri rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ èmi tí mo pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó yá wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn tà á fún ọkùnrin kan tó ń ta táyà mọ́tò, kí àwọn pín owó rẹ̀. Wọ́n wá pè mí, wọ́n ní ìyàwó wa, wá yàrá kan síbì kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn oníbàárà mi léèrè bóyá wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ń gba obìnrin tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, torí ariwo rẹ̀. Gbogbo wọn ní àwọn á wò ó.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà pátápátá ni ọmọbìnrin kan dé láti kánsù. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń kọ mànà, ó dé akoto líle, bí ẹni pé ó fẹ́ wọ kànga. Ó gbé fóònù kan lọ́wọ́ tó fẹ̀ tó pátákó tí a fi ń gé ẹran. Ó kí wa dáadáa, ó ní òun wá nítorí igi ńlá iwájú ilé yìí àti àwọn igi kéékèèké tó ṣe ọgbà ní kọ́nà, ó ní ta ni onílé. Ọmọ mi, Ẹ̀gbọ́n ní òun ni, Kọntirákítọ̀ ní òun ni, ẹnu wọn bọ́ síra wọn, wọ́n sì ń wo ara wọn bí àkùkọ méjì. Ọmọbìnrin náà ní kò burú, òun lè kọ orúkọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí àwọn kọ́kọ́ jáde síta kí wọ́n wá gbọ́ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

A jáde. Ó ní igi etí títì yẹn, igi kánsù ni. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó ní ṣùgbọ́n ẹni tó nilé tí igi wà níwájú rẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Òun ni yóò máa gbá ewé rẹ̀ kí ó má dí gọ́tà. Òun ni yóò máa gé ẹ̀ka tó bá sọ̀ kalẹ̀ síbi tí àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹni tó ru ẹrù lè kọjá láì tẹrí ba, àti èyí tó bá na ọwọ́ sójú títì, kí ọkọ̀ akẹ́rù má fi orí gbá a. Àwọn igi kéékèèké tó wà ní kọ́nà kò gbọ́dọ̀ ga ju ìbàdí lọ, kí ẹni tó ń wa mọ́tò lè rí ọmọdé tó fẹ́ sọdá. Ṣùgbọ́n onílé kò gbọ́dọ̀ gé igi ńlá yẹn lulẹ̀ o, kò gbọ́dọ̀ bó èèpo rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan ìṣó mọ́ ọn lára. Bó ṣe sọ èyí tán ló mú òòlù jáde nínú báàgì rẹ̀, tó kan ìṣó mọ́ ọn lára. Páànù pélébé kan tó ní nọ́ńbà ló kàn mọ́ ọn. Mo wo ìṣó, mo wo ọmọ náà.

Mo rò ó títí, kò yé mi, kò sì tíì yé mi di bí mo ṣe ń kọ èyí. Tí igi bá jẹ́ tiwọn, kí ló dé tí ewé rẹ̀ fi jẹ́ tiwa? Tó bá sì jẹ́ tiwa, kí ló dé tí a kò lè gé e? Ẹ̀ka tó bá gùn, tiwa ni, èyí tó bá kúrú, tiwọn ni, ta wá ni ó ni ín lọ́jọ́ tó ń gùn lọ́wọ́? Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ fún ènìyàn tọ́. Irun rẹ̀ ni kí o máa gẹ̀, imú rẹ̀ ni kí o máa nù, ṣùgbọ́n tó bá ṣẹ̀ ọ́, o kò gbọ́dọ̀ lé e jáde.

Ọmọbìnrin náà wá na ọwọ́ sókè, ó fi ẹ̀ka ńlá kan hàn wá tó ti kán láti ìgbà ìjì, tó kàn gbé ara lé ẹ̀ka mìíràn. Ó ní abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà kọjá, kí onílé tètè gé e kúrò, torí tó bá já lu ẹnikẹ́ni, onílé ni wọn yóò kọ́kọ́ wá bá. Ó gbé ìka lé ojú fóònù, ó ní ó yá, orúkọ ta ni kí òun kọ?

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni ó kọ́kọ́ wú ikọ́. Ó ní ká má tan ara wa, ilé ẹbí ni ilé yìí, ilé ẹbí kì í sì í ní onílé. Kọntirákítọ̀ ní òótọ́ pọ́ńbélé ni, àti pé òun kàn bá wọn kan páànù ni, tó bá jẹ́ pé ẹni tó kan páànù ló ń nilé, káfíńtà ni ìbá ni gbogbo àdúgbò yìí. Ẹ̀gbọ́n ní ìwọ lo kéré, ara rẹ le, ìwọ lo lè gun igi. Kọntirákítọ̀ ní ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ di ìwọ gbé e, rárá, ẹ̀yin ẹ gbé e. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Oòrùn sì ń pa ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ akoto. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bu omi fún un, mo ní ọmọ mi, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ká gbálẹ̀ ni, èmi ni mo ti ń gbá ewé igi yìí láti kékeré rẹ̀, kọ orúkọ mi kí o máa lọ. Ó bi mí pé ṣé èmi ni onílé. Mo wo ojú àwọn ọkọ mi kí n má baà sọ ohun tí kò yẹ mí. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó kọ orúkọ mi sílẹ̀, èmi gan-an ni onílé. Kọntirákítọ̀ ní kò sí ẹlòmíràn, kí ó kọ ọ́ kíákíá. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi, Ẹ̀gbọ́n tiẹ̀ ní irú ìyàwó bíi tèmi ṣọ̀wọ́n. Ọmọbìnrin náà ní kí n fi ìka mi lé ojú fóònù, mo nu ìka náà mọ́ ìró mi, mo fi lé e. Ó gba nọ́ńbà fóònù mi. Ó fẹ́ ya igi náà ní fọ́tò, mo ní kí ó dúró ná, mo sáré gbá abẹ́ rẹ̀, mo nu ara rẹ̀, mo tún gèlè mi wé, mo dúró tì í. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n yẹra, igi nìkan ni òun fẹ́. Nígbà tó parí, ó ní igi náà ti wọ inú ẹ̀rọ. Bó ṣe lọ tán mo tún jáde lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ mí, wọ́n ní tí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ bẹ káfíńtà. Ó gbé ayùn àti àkàbà wá, ṣùgbọ́n ó dúró lábẹ́ igi náà, ó ń wo òkè, kò lọ kò bọ̀. Ó ní gbogbo igi tí òun ti bá pàdé láyé òun, ilẹ̀ ni wọ́n sùn sí, èyí tó dúró yìí ń ba òun lẹ́rù. A so okùn mọ́ káfíńtà nídìí, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ tuntun dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kígbe pé tó bá ṣubú òun ò ní tọ́jú ẹ, káfíńtà gùn ún, ó sì gé ẹ̀ka tó kán yẹn, ẹ̀ka náà balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ẹni tó ń kọjá lọ.

Mo wá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó ru ẹrù lè kọjá. Mo ru abọ́ ńlá tí a fi ń fọ aṣọ, mo rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi, ewé kankan kò kàn mí. Ṣùgbọ́n èmi kúrú, káfíńtà náà sì kúrú. Ìwọ lo ga nínú ẹbí wa, o kò sì sí nílé. A wá lọ bẹ tísà gíga kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò, ó ru abọ́ náà, ó ń wo ọ̀tún wo òsì kí wọ́n má baà rí òun, wọ́n sì rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó ní tí n bá tún ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kí n wá ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí ló wá fẹ́ pa mí. Aránṣọ ni mí, mo mọ̀ pé ìbàdí kan kò jọ ìbàdí kan. Ìbàdí ta ni kánsù ń wí? Ọmọbìnrin yẹn ga, ìbàdí tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àyà mi. Mo gbé téèpù mi, mo wọn àwọn igi kọ́nà yẹn bí ẹni pé mo fẹ́ rán kaba fún wọn, mo sì pe nọ́ńbà tí wọ́n kàn mọ́ igi náà lórí fóònù. Wọ́n ní kò sí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Káfíńtà ní nọ́ńbà igi kọ́ ni à ń pè, nọ́ńbà kánsù ni. Mo pe ti kánsù. Obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn, ó kí mi, mo kí i, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn, ó ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ omi kí n tẹ ení, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kí n tẹ èjì. Mo ní ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ìbàdí ni. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò bínú, mo gbóríyìn fún un. Níkẹyìn mo gé igi kọ́nà náà dé ìbàdí ara mi, mo ní tó bá kúrú jù, yóò tún hù, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kì í hù padà.

Ewé ni ó kù. Tí igi bá jẹ́ ti kánsù, n kò rí ìdí tí n ó fi da ewé rẹ̀ nù láì bi wọ́n. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò, mo to wọ́n sí yàrá rẹ, pẹ̀lú ẹ̀ka tó já náà tí a gé wẹ́wẹ́. Tí o bá wálé láìpẹ́, orí àwọn àpò náà lo máa sùn, wọ́n rọ̀.

Inú èyí la wà tí ọkùnrin onítáyà tó fẹ́ ra ilé fi wá. Kí ó tó san ohunkóhun, ó ti lọ sí kánsù lọ béèrè bóyá òun lè hú igi náà, torí ọkọ̀ tó máa ń kó táyà fún un kò ní rọ́nà wọlé. Wọ́n wo inú ẹ̀rọ wọn, wọ́n ní kò ṣeé hú, àti pé tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé yẹn, obìnrin kan báyìí báyìí ni onílé, ìka rẹ̀ wà níbí. Ó padà wá pẹ̀lú ojú pípọ́n, ó ní ohun tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n fẹ́ tà fún òun, òun ò ra ìjà, òun ò ra ẹjọ́, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ọmọ mi, ojú mi rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ṣàdúrà fún mi ni wọ́n ń na ìka sí mi nímú. Ẹ̀gbọ́n ní mo jìn bíi kànga. Kọntirákítọ̀ ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní mo ti bá ọmọbìnrin yẹn gbìmọ̀ tẹ́lẹ̀, omi tí mo bù fún un yẹn gan-an, àmì ni. Mo ní ẹ̀yin ọkọ mi, ojú gbogbo wa ló ṣe, ẹ̀yin lẹ ní kí ó kọ ọ́. Wọ́n ní èyí tí àwọn sọ nípa igi ni, àwọn ò sọ ti ilé. Èmi náà kò sọ ti ilé. Igi ni mo gbà, mo búra. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́ fún ọ, torí kò sí ohun tó dùn mí láyé tó kí wọ́n pè mí ní olè nínú ilé tí mo ti di arúgbó.

Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn lọ sí kánsù, kí n lọ sọ pé mo ṣì í sọ. Mo gbà. Ohun tí kò jẹ́ tèmi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ṣùgbọ́n a kì í dá nǹkan olóhun padà ní ààbọ̀, mo háyà ọmọlanke, mo kó gbogbo àpò ewé sí i, mo ní kí n kúkú dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọkọ mi wà níwájú, èmi àti ọmọlanke wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ béèrè ohun tó wà nínú àpò. Mo ní ewé ìjọba ni. Ó ṣí ọ̀kan wò, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa wọlé.

Ọ́fíìsì náà wà lórí òkè. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà níbẹ̀ tí àárín rẹ̀ ti tẹ̀ láti ọwọ́ ìdí àwọn ènìyàn, àti fáànù kan tó ń yí ṣùgbọ́n tó kọjú sí ògiri. Ọmọbìnrin wa wà níbẹ̀, kò dé akoto, irun rẹ̀ rẹwà. Kọntirákítọ̀ ṣàlàyé, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin náà bi mí pé ṣé òótọ́ ni, ṣé mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá ń dá ìjà sílẹ̀. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n àyè náà kò lè ṣófo, ìjì ń bọ̀, òun gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹlòmíràn dípò tèmi kí a tó dìde níbẹ̀. Ó ní ta ni? Kọntirákítọ̀ ní ṣé kò ṣeé ṣe kí igi wà lọ́wọ́ mi kí ilé wà lọ́wọ́ àwọn. Ọmọbìnrin náà ní kò ṣeé ṣe, ẹni tó nilé ló ni iṣẹ́ igi. Ó ní kì í ṣe kánsù ló ń fún ènìyàn nílé o, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni àwọn mọ̀ ní ilé yẹn, ẹni tó bá ní òun ni, kó jókòó síwájú òun kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì gba igi, gọ́tà, ọgbà kọ́nà, àti ẹnikẹ́ni tí ẹ̀ka bá já lù títí ayé. Ó gbé fóònù ńlá yẹn síwájú wọn, ó ní kí wọ́n mú ìka wá.

Ẹ̀gbọ́n wo ìka rẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ lọ tọ̀. Kọntirákítọ̀ ní ẹnìkan ń pe òun lórí fóònù, n kò sì gbọ́ kí fóònù náà dún. Ó jáde. Èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń dúró dè wọ́n. Àwọn ènìyàn ń wá, wọ́n ń lọ. Mo ń dúró dè wọ́n títí àwọn òṣìṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé, ọmọbìnrin náà wá jókòó tì mí, ó ní Ìyá, wọn ò bọ̀ mọ́, ẹ máa lọ sílé yín. Mo ní kí ó wá gba ewé rẹ̀ kí n tó lọ. Ó ní ewé wo? Mo mú un lọ sójú fèrèsé, mo fi ọmọlanke hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ìyá, ẹ kó o lọ sílé, ẹ̀yin lẹ ni ín.

N kò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn ní ìyàwó, kò tíì sí ẹnì kan tó na ọwọ́ sí ohunkóhun níbẹ̀ kó ní èmi ni mo ni ín. Mo sunkún lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ojú kò tì mí.

Ìwọ tí o mọ̀wé, sọ fún mi: ṣé n kò gba ohun olóhun báyìí? Igi ti kánsù ni, ilé ti ẹbí ni, ewé ni tèmi, báwo ni ewé ṣe wá ń gbé ènìyàn nílé? Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ òfin níbi iṣẹ́ rẹ, kí o sì kọ èsì kíá. Tí ọwọ́ rẹ bá sì dẹ̀, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra okùn tó nípọn fún káfíńtà, torí èyí tó lò kù díẹ̀ kó já, ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì kí mi láti ìgbà náà. Tó bá ṣẹ́kù, kí n ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ. Má fi jẹ ara rẹ níyà o. Kí Ọlọ́run máa bá ọ

Dúró ná, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn.

Mo ti dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, bó bá ti dé ẹnu ọ̀nà, inú pálọ̀ ni à ń bá a, kò kan ilẹ̀kùn rí. Ó dúró síta, ó ṣí fìlà dání, ó ní ṣé òun lè wọlé. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò mọ ohun tí onílé máa ń wí. Mo ní ẹ wọlé, Ẹ̀gbọ́n. Ó wọlé, ó sì dúró láàárín pálọ̀, gbogbo àga ló ṣófo, kò jókòó. Mo rò pé ẹ̀yìn ń dùn ún ni. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé ó ń retí kí n fi àga hàn án.

Ó ṣì jókòó níbẹ̀ báyìí, mo fẹ́ lọ fún un lómi. Kí Ọlọ́run máa bá ọ gbé, kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ ga bíi tìrẹ, kí o má ṣe dàgbà nílé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́. Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ.